ÌLÚ TÍ KỌ́KỌ́RỌ́ ILẸ̀KÙN RẸ̀ WÀ LỌ́WỌ́ ALÁDÙÚGBÒ
Ìtàn Omi àti Ìgbìmọ̀ Ìlú ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ nìyí: kí ni ìjọba tí ó sún mọ́ wa jù lọ, èyí tí à ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀, lè ṣe kí ìlú má baà parun nígbà tí àjálù bá dé? Láti inú ìtàn ni èmi yóò ti dáhùn, nítorí pé etí òkun tiwa yìí, láti Èkó dé Àgbádárìgì títí lọ dé Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ti rí iná, ó ti rí àjàkálẹ̀-àrùn, ó sì ti rí omi; ohun tí àwọn ènìyàn ṣe àti èyí tí wọn kò ṣe sì wà ní àkọsílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

Kí a kọ́kọ́ wo ibi tí Àgbádárìgì jókòó sí. Ìlú náà kò sí ní etí òkun gan-an gẹ́gẹ́ bí àlejò ti máa ń rò. Etí ọ̀sà ni ó wà, ní bèbè àríwá. Ní òdìkejì ọ̀sà ni ilẹ̀ iyanrìn tóóró tí a ń pè ní Gberefu wà, níbi tí a ti ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ ní ayé àtijọ́. Ẹ̀yìn Gberefu ni òkun ńlá tó ń ru. Ọ̀sà yìí gùn láti Àjàṣẹ́ títí dé Èkó, odò Yewa sì ń tú omi rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan tí ẹni tí ń gbé ibẹ̀ lójoojúmọ́ pàápàá lè má rò ó rí: ọ̀sà Àgbádárìgì kò ní ẹnu tirẹ̀ sínú òkun. Omi tí ó bá rọ̀ sí Àgbádárìgì, bí kò bá wọnú ilẹ̀, ọ̀nà méjì péré ni ó ní. Ó lè gba ìlà-oòrùn lọ, kí ó jáde ní Èkó; ó sì lè gba ìwọ̀-oòrùn lọ, kí ó jáde ní Kútọnu. Ilé tí ó ní yàrá púpọ̀ ni ìlú náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aládùúgbò ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Ohun tí mo ní í sọ lónìí, orí ọ̀rọ̀ yìí ni ó dúró lé.

Ilẹ̀kùn ti Kútọnu kì í ṣe ohun tí a bá láyé. Ní 1885 ni àwọn Faransé gbẹ́ ọ̀nà omi láti inú adágún Nokoué já sínú òkun, kí omi tí ń kún ní àsìkò òjò lè rí ibi jáde. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fi ọwọ́ sí ìwé pé ààlà yóò gba àárín Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì kọjá. Ẹ̀gùn wà ní ìhín, Ẹ̀gùn wà ní ọ̀hún. Ìbátan ni wọ́n, omi kan náà ni wọ́n ń mu, apẹja ọ̀hún àti ti ìhín sì ń pàdé lórí omi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni omi kan ti ní ìjọba méjì, tí èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ kì í sì í mọ ohun tí èyí tó wà lókè ń ṣe.

Kí n tó tẹ̀ síwájú lórí omi, ó tọ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iná. Gbogbo wa ni a mọ 1842, ọdún tí Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend dé Àgbádárìgì, tí a sì wàásù ìhìnrere lábẹ́ igi Àgíà. Ìlú tí wọ́n bá níbẹ̀ pín sí àdúgbò mẹ́jọ, olúkúlùkù ní olóyè tirẹ̀. Ilé amọ̀ ni ilé wọn, koríko sì ni òrùlé. Ní oṣù kẹfà 1851, nígbà tí Akíntóyè ọba Èkó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìsáǹsá, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn àti àwọn tí ó gbè Kòsọ́kọ́ lẹ́yìn, iná sì jó apá púpọ̀ nínú ìlú náà. Ogun ni ó dá iná náà, ṣùgbọ́n òrùlé koríko ni ó gbé e láti ilé dé ilé. Ní Èkó pẹ̀lú, ní gbogbo ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iná ọ̀gbẹlẹ̀ kì í ṣe àlejò. A kò ṣẹ́gun rẹ̀ nípa sísunkún lórí eérú. Nígbà tí òrùlé yí padà, tí àwọn ilé kò sì fún mọ́ ara wọn mọ́, ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Òfin títún ìlú ṣe tí ìjọba Èkó ṣe ní 1863 wà lára ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òrùlé àti ọ̀rọ̀ àlàfo láàárín ilé méjì kò ní ògo kankan nínú. Kò sí ẹni tí a kọ́ ère fún nítorí rẹ̀. Síbẹ̀ òun ni ó gba ìlú là.

Àjàkálẹ̀-àrùn eku ti 1924 fi ohun mìíràn hàn wá. Àrùn náà wọ Èkó ní ọdún náà, kò sì kúrò títí di nǹkan bí 1930. Àwọn oníṣègùn mọ̀ pé eku ni ń gbé e, eku sì fẹ́ràn ibi tí ilé ti há mọ́ra, tí oòrùn kò dé, tí ìdọ̀tí sì pọ̀. Kí ni ìjọba ṣe? Ní 1928 ni wọ́n tó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún àtúntò ìlú Èkó, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Lagos Executive Development Board. Òun ni ó la ojú pópó ní Yábàá, tí ó sì pín ilẹ̀ ibẹ̀ fún ènìyàn láti kọ́lé. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún tó wà láàárín 1924 àti 1928. Ilé tí ó há kò di híhá ní 1924. Gómìnà MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníṣègùn, ti ń gbẹ́ irà Èkó, tí ó sì ń pariwo ìmọ́tótó láàárín 1899 àti 1904. Ikú ni ó mú kí a rí owó tí a sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sí.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti nípọn jù, èyí ni ọ̀rọ̀ iyanrìn.

Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì òkun ti ń wá bá etí òkun wa. Nítorí pé wọn kì í dé tààrà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ kọlu ilẹ̀, wọ́n ń gbé iyanrìn lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, láti Lomé kọjá Kútọnu, kọjá Àgbádárìgì, lọ sí Èkó àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í dúró lọ́sàn-án, kì í dúró lóru. Etí òkun tí ẹ rí lónìí kì í ṣe ohun tó wà lójú kan. Ó dà bí ọjà tí ènìyàn ń wọlé tí ènìyàn sì ń jáde, tí a rò pé ó kún nígbà gbogbo kìkì nítorí pé iye àwọn tí ń wọlé tó iye àwọn tí ń jáde. Bí ẹnì kan bá ti ẹnu ọ̀nà kan pa, ọjà yóò kún ní apá kan, yóò sì ṣófo ní apá kejì.

Iyanrìn yìí kan náà ni ó ń di ẹnu ọ̀sà Èkó ní ayé àtijọ́. Ọkọ̀ ńlá láti òkè òkun kò lè wọlé; a ní láti kó ẹrù lọ sí Forcados kí a tó gbé e sínú ọkọ̀ ńlá. Àwọn oníṣòwò ráhùn, ìjọba sì gbọ́. Láti 1908 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta gígùn méjì wọnú òkun, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn ẹnu ọ̀sà, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1914 ọkọ̀ ńlá ti ń wọ Èkó. Owó dé, ojú irin pàdé ọkọ̀ òkun, Èkó sì di olú ìlú gbogbo Nàìjíríà ní ọdún kan náà. Èmi kì yóò bú iṣẹ́ náà. Bóyá iṣẹ́ tí a ń ṣe lónìí kò bá tí sí bí kò bá sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ògiri méjì náà ṣe sí iyanrìn. Èyí tí ń bọ̀ láti ọ̀nà Àgbádárìgì kọlu ògiri ìwọ̀-oòrùn, ó dúró, ó sì ń pọ̀ sí i, tí ilẹ̀ fi gbòòrò níbẹ̀. Ní ìlà-oòrùn, ní ibi tí a ń pè ní Bar Beach, ìgbì ń gbé iyanrìn lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò sì sí òmíràn tí ń bọ̀ láti rọ́pò rẹ̀. Òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ náà. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, etí òkun ibẹ̀ ti padà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ. Leralera ni a da iyanrìn síbẹ̀, leralera ni òkun sì kó o lọ. Nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn 2007, a mú àwọn ẹlẹ́rọ wá láti kọ́ odi òkúta ńlá, kí a sì gba ilẹ̀ tí ó ti lọ padà fún ìlú tuntun tí a ń pè ní Eko Atlantic. Ní oṣù kẹjọ 2012, omi òkun ya wọ Kuramo, ní ìlà-oòrùn ibẹ̀, ó gbé ahéré àwọn ènìyàn lọ lóru, ẹ̀mí sì bá a lọ. Àwọn ará Òkun Alfa, tí wọ́n jìnnà díẹ̀ sí i ní ìlà-oòrùn, ti rí ọ̀nà ọkọ̀ wọn, wọ́n ti rí ilé wọn, tí ó ń wọ omi lójú wọn.

Kò jọ bí ẹni pé Èkó nìkan ni ó jẹ ẹ̀bi yìí. Kútọnu kọ́ èbúté rẹ̀, a sì ṣí i ní 1965: òkun ń jẹ ilẹ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Lomé ṣí tirẹ̀ ní 1968: òkun ń jẹ ìletò àwọn apẹja ní ìlà-oòrùn títí dé Aného. Èbúté mẹ́ta, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ohun kan náà. Ẹni tí ó kọ́ ògiri ni ó gba èrè. Aládùúgbò rẹ̀ ní ìlà-oòrùn ni ó sì san gbèsè, láìṣe pé ó jẹ lára oúnjẹ náà.

(Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbátan ní Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ yóò bi mí pé, àwọn ńkọ́? Òtítọ́ ni pé òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ ní ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní 1947 yìí. Ṣùgbọ́n ìdí tirẹ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni etí òkun wọn, kò sí ògiri èbúté nítòsí wọn. Ohun tí ó jọ ti wa níbẹ̀ ni pé a ti gbé iṣẹ́ ààbò etí òkun náà fún agbaṣẹ́ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òkun kò sì dúró dè wọ́n.)

Èé ṣe tí mo fi pẹ́ lórí èyí? Nítorí pé ọdún pípẹ́ ni a ti ń sọ ọ́ pé a óò kọ́ èbúté ńlá fún ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì. Èmi pẹ̀lú fẹ́ kí ìlú náà rí iṣẹ́. Láti ìgbà tí Èkó ti gba òwò lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ni ó ń jí ní ìdájí láti lọ wá oúnjẹ sí Èkó lójú ọ̀nà tí ó ń gbó wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn ti kọ́ wa ní ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ẹni tí ó bá mú àwòrán èbúté wá: iyanrìn tí ògiri yìí yóò dá dúró, ta ni yóò gbé e kọjá lọ sí òdìkejì, owó ta ni yóò máa fi gbé e ní ọdọọdún, àti pé àwọn ìletò tí wọ́n wà ní ìlà-oòrùn, lórí ilẹ̀ iyanrìn tóóró tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ta ni ó ti bá wọn sọ̀rọ̀? Ní 1908 a kò gbọ́ pé ẹnì kan bi àwọn tí ń gbé ní ìlà-oòrùn ẹnu ọ̀sà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwa kò ní àwáwí kan náà, nítorí pé a ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tí ó ti ìlà-oòrùn jáde nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí ó ti ìwọ̀-oòrùn wọlé.

Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba ológun ti gbogbo ẹnubodè ilẹ̀ Nàìjíríà pa nítorí owó bébà tí a ń pààrọ̀. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú di títì. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, lórí ọ̀sà Àgbádárìgì, a rí koríko orí omi kan tí àwọn apẹja kò mọ̀ rí. Ó fi ojú jọ ojúoró díẹ̀, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ń dán, ọ̀pá ewé náà wú bí bọ́ọ̀lù kékeré, òdòdó rẹ̀ sì lẹ́wà bí aṣọ àlùkò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ojú omi Àjàṣẹ́ ni ó gbà wọlé sí wa. Kò sí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè tí ó lè bi í ní ìwé ìrìnnà. Ẹ̀dá tí ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni; kò pẹ́ tí ó fi bo ojú ọ̀sà, tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kò rí ọ̀nà gbà, tí àwọ̀n kò wọmi, tí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ sì ń dákú lójú omi nítorí gbòǹgbò rẹ̀ wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Àwọn apẹja mọ ìwà rẹ̀ báyìí: omi iyọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa pa á, àkọ́rọ̀ òjò a sì tún gbé òmíràn wá.

Bí ó bá ṣe pé ìgbìmọ̀ Àjàṣẹ́ àti ìgbìmọ̀ Àgbádárìgì ní àṣà láti máa ránṣẹ́ sí ara wọn, àwọn ará Àjàṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ rí i ìbá ti kìlọ̀, a ìbá sì ti ṣà á nígbà tí ó kéré. Ohun tí ọwọ́ ọkùnrin mẹ́wàá lè kó ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní di ohun tí ẹ̀rọ ìjọba kò lè kó tán.

Koríko yìí kò dúró ní Àgbádárìgì. Ó gba ojú omi lọ sí Èkó, ó wọnú gbogbo ipa odò àti ojú àgbàrá ibẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní 2002, ní ìrọ̀lẹ́, iná ran ilé ìkóhun-ìjà sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, àwọn ohun ìjà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ilẹ̀ mì, fèrèsé ilé fọ́, kò sì sí ohùn kankan tí ó sọ fún ará ìlú ohun tí ń ṣẹlẹ̀ tàbí ibi tí kí wọ́n gbà. Wọ́n sá. Ọ̀pọ̀ wọn sá gba Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀. Ojú omi kan wà níbẹ̀ tí koríko yìí bò mọ́lẹ̀. Nínú òkùnkùn ó jọ pápá. Àwọn ìyá pẹ̀lú ọmọ wọn ń fi ẹsẹ̀ lé e, omi sì ń gbé wọn mì, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń tì wọ́n síwájú. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tí ó kú nínú àjálù náà, àwọn tí ó sì rì sí omi Òkè-Àfá pọ̀ jọjọ nínú wọn. Ìbọn kò bà wọ́n. Ohun tí ó pa wọ́n ni ojú àgbàrá tí a kò gbá, afárá tí kò sí, àti ìkìlọ̀ tí a kò fọn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé irú ohun báyìí, àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ó ga jù mí lọ. Mo mọ̀ pé òjò ti ọwọ́ Ọlọ́run wá. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sí ojú àgbàrá, ènìyàn ni ó kọ́ ọ, ènìyàn ni ó sì gba owó ilẹ̀ rẹ̀. Ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa kún ní 1960, ó kún ní 1963, ó kún ní 1978; ìkìlọ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ó kún pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Odò kì í yọ́ kẹ́lẹ́ wá gẹ́gẹ́ bí olè.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí òfin wí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń di ẹrù tí kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀ lé e lórí. Àgbádárìgì ti kọjá lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́: abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti Èkó, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lẹ́yìn náà Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1967. Àtúnṣe ti 1976 ni ó fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà ní ìrísí kan náà. Ìwé òfin 1999, ní àfikún rẹ̀ kẹrin, kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ọ̀nà kéékèèké àti ojú àgbàrá, ìdọ̀tí kíkó, ọjà, ibi ìpakúta, ibi ìsìnkú, orúkọ òpópónà àti nọ́mbà ilé, ìwé ìbí àti ìwé ikú. Ní ọdún kan náà ni a dá ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí àjálù sílẹ̀; Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ pẹ̀lú lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, kí gómìnà má ṣe dì í mú.

Ẹ tún ka àwọn iṣẹ́ kéékèèké wọ̀nyẹn. Ẹlòmíràn yóò fi wọ́n rẹ́rìn-ín: nọ́mbà ilé! Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ya wọ àdúgbò ní òru, bí a kò bá mọ orúkọ òpópónà, báwo ni olùrànlọ́wọ́ yóò ṣe mọ ibi tí arúgbó kan wà? Bí a kò bá kọ ìbí àti ikú sílẹ̀, ta ni yóò mọ iye ẹni tí a ń wá? Ní Sendai ní ilẹ̀ Japan, ní oṣù kẹta 2015, àwọn orílẹ̀-èdè ayé péjọ, wọ́n sì ṣe ìwé àdéhùn kan nípa àjálù tí yóò ṣiṣẹ́ títí di 2030. Wọ́n wí nínú rẹ̀ pé ó yẹ kí a fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lágbára àti owó. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ìwé Sendai gbá gọ́tà Àgbádárìgì.

Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ ìlú tí ó kéré lówó tí ó sì ṣe é, ẹ wo Bangladẹ́ṣì, ilẹ̀ tí ó tẹ́jú sí etí omi bí tiwa. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 1970, ìjì àti omi òkun pa ènìyàn tí kò dín ní 300,000 níbẹ̀. Láti 1972 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará abúlé fúnra wọn, tọkùnrin tobìnrin, bí a ti ń gbọ́ ìròyìn ìjì lórí rédíò, bí a ti ń fi àsíá àti gbohùngbohùn kéde láti ilé dé ilé, àti ilé òkè tí kí olúkúlùkù sá lọ. Wọ́n tún kọ́ ilé ààbò onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó jẹ́ ilé-ìwé ní ọjọ́ mìíràn. Kò dé lọ́jọ́ kan. Ní 1991 ìjì mìíràn tún pa ju 100,000 lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún 2020, nígbà tí ìjì líle kan jà níbẹ̀, wọ́n ti kó ju mílíọ̀nù méjì ènìyàn kúrò lọ́nà; àwọn tí ó kú ní ilẹ̀ wọn kò tó 50.

Àwa kò ní irú ìjì bẹ́ẹ̀, a dúpẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjì ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 1959 lágbára tó láti wó igi Àgíà tí a ti wàásù lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ní ni ohùn. A ní aago ìjọ, a ní agogo olóyè, a ní rédíò, a ní tẹlifóònù lọ́wọ́ ọmọdé. Ohun tí ó kù ni kí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ jókòó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì pinnu ohùn tí yóò túmọ̀ sí pé "Ẹ kúrò," ẹni tí yóò lù ú, àti ilé-ìwé tí yóò ṣí ilẹ̀kùn.

Nípa ilẹ̀, iṣẹ́ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé owó wà nínú rẹ̀. Èkó ń gbòòrò wá sí Àgbádárìgì lójú ọ̀nà ńlá. Ibi tí ó jẹ́ irà ni a ń fi iyanrìn dí, tí a ń tà ní púlọ́ọ̀tì. Àwọn kan ń fa iyanrìn láti inú ọ̀sà fún kíkọ́lé, àwọn apẹja sì ń ráhùn pé ibi tí ẹja ń yé sí ti bàjẹ́. Irà náà ni ibi tí omi máa ń sinmi sí nígbà tí ọ̀sà bá kún. Ẹni tí ó bá dí i kò pa omi. Ó kàn ní kí omi lọ sùn nílé ẹlòmíràn ni. Ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ará àdúgbò ni ó mọ ibi tí omi dé ní ọdún tí ó kún jù, òun náà ni olóyè àdúgbò mọ̀. Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ lè ri òpó mọ́lẹ̀ ní ibi tí omi dé, kí ó kọ ọdún sí i lára, kí olùra ilẹ̀ rí i kí ó tó san owó. Ohun tí yóò ná wọn kò tó owó àlejò ṣíṣe ọjọ́ kan. Mo rò pé ìdí tí a kò fi tí ì ṣe é kì í ṣe àìlówó. Òpó bẹ́ẹ̀ a máa ba ọjà onílẹ̀ jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aládùúgbò. Ọba àti olóyè ní ìhín àti ní ọ̀hún ṣì ń ránṣẹ́ ọdún àti ìsìnkú sí ara wọn, kọjá ààlà 1889. Kí ìjọba ìbílẹ̀ lo ọ̀nà yìí tí ó ti wà. Odò Ouémé, tí ó ń ti òkè ilẹ̀ Benin wá sínú omi Àjàṣẹ́, a máa kún láti oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò tiwa pàápàá ti fẹ́ padà dé. Ìròyìn pé ó ti kún lókè lè dé Àgbádárìgì lórí tẹlifóònù kí omi fúnra rẹ̀ tó dé.

Òjò àkọ́kọ́ tiwa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó sì ń le jù ní oṣù kẹfà; èkejì ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Láàárín méjèèjì, nínú oṣù kẹjọ, òjò a máa dá díẹ̀. Gọ́tà a gbẹ tó kí a lè rí ìdí rẹ̀, ilẹ̀ a sì rọ̀ fún ọkọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, kì í pẹ́.